Ohun Tó Wọ́n àti Ohun Tó Níyì

   

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé kéwú wa ni ẹni tó kọ ọ́ nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń rìn káàkiri àdúgbò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kó ẹrù àlòkù síwájú ilé wọn láti tà á. Ní ọ̀kan nínú irú ibẹ̀, ó bá ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Páálí kékeré kan wà lórí tábìlì ìyá náà, ó kún fún káàdì àtijọ́ tí wọ́n ya àwòrán àwọn eléré bẹ́sìbọ́ọ̀lù sí. Eré yìí ni wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àwa ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá náà bi í pé ǹjẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Arákùnrin wa dá a lóhùn pé ìwé ìṣeré ọmọdé lásán ni. Ó san 20 dọ́là, ó gbé páálí náà lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó mọ̀ díẹ̀ nípa káàdì. Ó mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn wá láti ọdún 1952. Ṣùgbọ́n ó ń gbèjà ara rẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Ó ní ìyá náà fúnra rẹ̀ ló dárúkọ 20 dọ́là. Ó ní káàdì tó lókìkí jù nínú ti ọdún náà kò sí níbẹ̀. Ti nọ́ńbà kìíní ló wà, eléré tí wọ́n yà sí i kò sì lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ó bi wá pé: "Ǹjẹ́ mo jẹ̀bi?"

A kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn nínú ìwé lásán, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Nígbà tí a rò ó síwájú, a rí i pé ìbéèrè rẹ̀ kan gbogbo wa. Kò sí ọjà tí a ń ná tí ẹnì kan kò mọ̀ ju ẹnì kejì lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a tó lè mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Èdè wa fúnra rẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà níbí. Bí ẹnì kan bá sọ pé epo wọ́n, ó lè jẹ́ pé kò sí epo ní ilé epo rárá. Ó sì lè jẹ́ pé epo wà, owó rẹ̀ ló ga. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì. Èyí ló fi rọrùn fún wa láti rò pé ohun tó bá ti ṣọ̀wọ́n gbọ́dọ̀ gbówó lórí, àti pé ohun tó bá gbówó lórí ló níyì. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dà pọ̀ báyìí. Iye ni bí nǹkan ti pọ̀ tó. Owó ni bí àwọn ènìyàn ti ń lé e tó. Iyì ni oore tó wà nínú nǹkan náà, yálà ènìyàn lé e tàbí wọn kò lé e. Omi mímu pọ̀, kò gbówó lórí, síbẹ̀ kò sí ohun tó tó o ní iyì fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Káàdì àwọn eléré yìí fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sìgá máa ń fi káàdì kékeré sínú páákì sìgá wọn, kí páákì náà má baà tẹ̀, kí àwọn ènìyàn sì máa rà á láti lè kó àwòrán náà jọ. Láàárín ọdún 1909 sí 1911, ilé iṣẹ́ American Tobacco Company gbé ọ̀wọ́ káàdì kan jáde tí àwọn olùkójọ ń pè ní T206. Oríṣi 524 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Honus Wagner, eléré ẹgbẹ́ Pittsburgh. Wọ́n dá títẹ káàdì rẹ̀ dúró kí ó tó pọ̀. Ìtàn méjì ni wọ́n ń sọ nípa ìdí rẹ̀: àwọn kan ní Wagner kò fẹ́ kí ọmọdé torí àwòrán òun máa ra sìgá, àwọn mìíràn ní owó àwòrán rẹ̀ tí wọn kò san fún un ló bí i nínú. Èyí tí a mọ̀ ní ibi gbogbo lágbàáyé kò ju nǹkan bí 50 sí 60 lọ. Ní ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Nínú ọ̀wọ́ kan náà ni káàdì Joe Doyle wà. Ẹgbẹ́ New York ju ẹyọ kan lọ nígbà náà, wọ́n sì ṣi orúkọ líìgì tẹ̀ sára káàdì rẹ̀, kí wọ́n tó yára tún un ṣe. Èyí tó ní àṣìṣe náà lára, tí a mọ̀ lónìí, kò tó ìdá márùn-ún ti Wagner. Síbẹ̀ owó rẹ̀ kò dé ẹ̀gbẹ́ owó Wagner. Doyle ṣọ̀wọ́n jù, Wagner gbówó lórí jù. Ìtàn Wagner ni àwọn ènìyàn ti gbọ́, òun ni wọ́n sì ń lé.

Ẹ tún wo Mickey Mantle. Ní ọdún 1952, ilé iṣẹ́ Topps tó ń ta ṣingọ́ọ̀mù gbé káàdì 407 jáde ní ìpele ìpele. Ìpele ìkẹyìn pẹ́ kí ó tó dé ọjà. Àsìkò bẹ́sìbọ́ọ̀lù ti ń parí lọ, àwọn ọmọdé sì ti yíjú sí eré mìíràn. Káàdì náà kò tà. Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps tó ṣe é, sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1960 àwọn kó ìyókù sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Mantle wà nínú ìpele yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta káàdì rẹ̀ kan ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ṣé nítorí pé òun ló ṣọ̀wọ́n jù ní ìpele náà ni? Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ Mantle sórí ìwé ńlá tí wọ́n ń gé káàdì láti ara rẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ilé iṣẹ́ ayẹ̀wò kan ṣoṣo ti yẹ èyí tó ju 1,500 wò. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni Mantle tí ọjọ́ kò tíì bàjẹ́: nínú gbogbo èyí tí ilé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, mẹ́ta péré ló gba máàkì 10.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó ṣọ̀wọ́n?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀. Ìkíní: mélòó ni wọ́n tẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ kì í sábà kéde rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ìwé inú páákì sìgá yóò di ohun ìṣúra.

Ìkejì: mélòó ló kù, báwo ló sì ṣe rí? Àwọn ọmọdé so káàdì mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa dún. Àwọn ìyá dà á sí ààtàn nígbà tí ọmọ dàgbà. Àwọn tó tọ́jú tiwọn tò ó ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, wọ́n sì fi rọ́bà dè é. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan arákùnrin wa gan-an. Nínú ti ọdún 1952, Andy Pafko ni nọ́ńbà kìíní. Kò lókìkí bíi Mantle. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń wà lókè, òun ni rọ́bà ń gé, òun ni ọwọ́ ìdọ̀tí ń kọ́kọ́ kàn. Nítorí náà Pafko tó mọ́ tónítóní ṣòro rí gidigidi, àwọn olùkójọ sì ń fi owó ńlá wá a. Arákùnrin wa wo orúkọ, kò wo nọ́ńbà. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ìkẹta: mélòó ni a mọ̀? Láti ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PSA ti ń yẹ káàdì wò, tí ó ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, tí ó ń sé e mọ́nú ike, tí ó sì ń kéde iye tó ti yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ihò wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè fọ́ ike náà kí ó tún dá káàdì padà. Káàdì kan ṣoṣo a sì di méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé. Ní òdì kejì, èyí tó wà ní àjà ilé ẹni tí kò mọ̀ kò sí nínú ìṣirò kankan.

Ní ọdún 2012, ní ìlú Defiance ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn ọmọ ọmọ bàbá kan ń tú àjà ilé tó fi sílẹ̀. Wọ́n bá páálí kan níbẹ̀, nǹkan bí 700 káàdì ló wà nínú rẹ̀, láti inú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní E98 ti ọdún 1910. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ wọ́n. Kí páálí náà tó jáde, ẹni tó bá sọ pé E98 tó mọ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láyé ń sọ ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí páálí náà jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àná.

Ẹ ó rí i nígbà náà pé ẹni tó bá ní "nǹkan yìí ṣọ̀wọ́n" ń jẹ́rìí lórí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ó ti rí ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí gbogbo àjà ilé ayé. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Èyí tí a mọ̀ nìyí." Àwọn onímímọ̀ wa máa ń parí ìdáhùn wọn pẹ̀lú pé Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Àwọn kan rò pé àṣà ẹnu lásán ni. Ààlà ni; ó ń sọ fún olùgbọ́ ibi tí ìmọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí sí.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òkìkí ti kàn pé káàdì àtijọ́ ń sọ ènìyàn di olówó. Àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní páálí páálí, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ọmọ wọn yóò lọ sí yunifásítì. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìsinmi. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì ìgbà náà kò tó owó tí wọ́n fi rà á. Ohun tí gbogbo ayé bá tọ́jú kò lè ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rí èyí, wọ́n kọ́gbọ́n: wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dá ọ̀wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ kan, tó ní ìbuwọ́lùwé Michael Jordan àti Kobe Bryant, ni wọ́n tà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là ní ọdún 2025.

Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlẹ́rìí ni

Bí ìmọ̀ bá ti ní ààlà báyìí, a jẹ́ pé òtítọ́ ẹnu ẹni tó mọ̀ ni àwọn tí kò mọ̀ fi ń ra ọjà. Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA yẹ̀ wò ni Wagner kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wayne Gretzky, eléré họ́kì orí yìnyín, àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ rà á ní gbàǹjo ní ọdún 1991 ní 451,000 dọ́là. Nígbà tó di ọdún 2007, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Ohun tí gbogbo ayé ń yìn lára rẹ̀ ni etí rẹ̀ tó gún régé. Ní ọdún 2013, Bill Mastro tó ti ta káàdì náà nígbà kan jẹ́wọ́ ní kóòtù ní Chicago pé òun ló gé etí rẹ̀ kí ó lè dà bí tuntun. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 20 ní ọdún 2015 nítorí pé ó ń fi owó èké gbé owó ọjà sókè ní ibi gbàǹjo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka orí ọ̀rọ̀ káràkátà nínú ìwé hádíìsì yóò mọ̀ pé méjèèjì ni Ànábì wa ti kọ̀ fún wa. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó bá a pé òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ rin. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó rin sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ó sì tún kọ̀ fún wa láti máa dárúkọ owó lórí ọjà tí a kò fẹ́ rà, kí a lè fi tan ẹlòmíràn.

Ìdáhùn wa

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Baltimore. A kò fẹ́ rẹ́ arákùnrin wa jẹ. Àwíjàre rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìmọ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tó lo ọjọ́ àti oru rẹ̀ láti mọ ọjà ní ẹ̀tọ́ láti jẹ èrè ìmọ̀ rẹ̀, ẹ̀sìn wa kò sì fi gègé sí èrè. Bí ìyá náà bá dárúkọ owó, tí kò béèrè ohunkóhun, àwọn onímímọ̀ yóò jiyàn lórí bí àǹfààní rẹ̀ ti lè pọ̀ tó kí ó tó di ìrẹ́jẹ.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan méjì kan ń dà wá láàmú kódà níbẹ̀. Ànábì kọ̀ fún wa láti jáde lọ pàdé àwọn ọlọ́jà ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀nà, kí a ra ẹrù wọn kí wọ́n tó mọ iye tó ń lọ lọ́jà. Ó sì fún ẹni tí wọ́n bá pàdé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tó bá dé ọjà. Ìyá tí kò mọ ohun tó wà nínú páálí ọkọ rẹ̀, ojú ọ̀nà ló wà. Kò tíì dé ọjà. Wọ́n sì ròyìn Jarir ọmọ Abdullah, sàhábà Ànábì, pé ẹni tó rán níṣẹ́ bá a ra ẹṣin kan ní 300. Nígbà tí Jarir rí ẹṣin náà, ó sọ fún ẹni tó tà á pé ẹṣin rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi owó kún un fúnra rẹ̀ títí tó fi di 800. Ẹni tó ta ẹṣin kò béèrè. Jarir ló ń rò ó pé òun ti ṣe àdéhùn láti máa ṣe rere sí gbogbo Mùsùlùmí. Bí ẹnì kan bá ní tìtorí Mùsùlùmí ni Jarir ṣe ṣe é, a ó bi í pé ta ló wá yọ̀ǹda fún wa láti purọ́ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ arákùnrin wa wà. Ìyá náà béèrè. Nígbà tó béèrè, ó sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ó sì dáhùn pé ìwé ìṣeré lásán ni, nígbà tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá náà gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn, ó gba 20 dọ́là.

Ó ní Mantle kò sí nínú páálí náà. Èyí kò gbà á là. Ká ní wọ́n yẹ gbogbo káàdì náà wò lọ́la, tí wọ́n sì sọ pé Pafko náà ti ya létí, pé gbogbo rẹ̀ kò tó 20 dọ́là, ọ̀rọ̀ tó sọ ṣì jẹ́ irọ́ ní ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò dúró lórí bí káàdì ti ṣọ̀wọ́n tó. Ó dúró lórí pé ẹnì kan tí kò ní olùrànlọ́wọ́ bi í ní ìbéèrè, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ ra ọjà.

Nítorí náà, a kọ̀wé sí i báyìí: Kí ó gbé páálí náà padà. Kí ó má ṣe sọ fún ìyá náà pé ó ti di olówó, nítorí òun náà kò mọ̀, ìrètí èké sì tún jẹ́ ìpalára mìíràn. Kí ó sọ pé: "Mo sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ fún yín lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí èyí já mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò." Bí ìyá náà bá gbọ́ ìyẹn tán, tó tún fẹ́ tà á fún un, èrè rẹ̀ di hàláálì. Bí ìyá náà bá ti kúrò láyé, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ín. Àwọn ará Defiance tí a dárúkọ lókè, ogún ni wọ́n, wọ́n sì pín ohun tí wọ́n bá ní àjà dọ́gba-dọ́gba láàárín ara wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ káàdì Amẹ́ríkà kò kàn yín. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe nínú yín, tí oníbàárà bi pé kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò tíì gbọ́ pé ọ̀nà tuntun ń bọ̀ níbẹ̀, òun náà wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọlọ́jà tí kò tíì dé ọjà.

Èsì lẹ́tà wa kò tíì dé bí a ti ń kọ èyí. Iye káàdì inú páálí yẹn lè yí padà bí ẹnì kan bá tún tú àjà ilé mìíràn lọ́la. Ìbéèrè ìyá náà àti ìdáhùn arákùnrin wa ti wà nínú ìwé àwọn mọ̀láíkà. Ṣùgbọ́n a lè ṣe àtúnṣe níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí ṣì wà, ọ̀nà ilé ìyá náà kò sì jìnnà sí i.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ìmọ̀ wa parí sí, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ jẹ ẹni tí kò mọ̀ níyà. Àmín. Wásàláámù aláékùm.